Ilé Ìwé Àárín Ọ̀nà, àti Ohun Tí Mo Fẹ́ Kí O Mọ̀ Kí O Tó Gbà Á

Ìkàrẹ́ Àkókó

Dọ̀káàsì ọmọ mi,

Ìjọ Ìkàrẹ́ àti ìjọ Ọ̀kà ti fẹnu kò láti tún ilé ìwé àárín ọ̀nà ṣí, ìwọ ni wọ́n sì yàn láti jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe ìpinnu náà. Kò sí ẹni tó ta kò ó. Ìwé wọn yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta ṣáájú èyí tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí èmi ni mo bá wọn kọ ọ́. Wọ́n kí ọ, wọ́n yìn ọ́, wọ́n ní Olúwa ló pè ọ́. Èyí tí mo ń kọ nísinsìnyí kì í ṣe tiwọn. Tèmi ni, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ, mo sì fẹ́ kí o kà á tán kí o tó fún wọn lésì.

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìyábọ̀ kékeré. Ara mi le, àyà nìkan ló máa ń dùn mí bí ọyẹ́ bá mú. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé inú òun dùn sí ìròyìn náà, ẹ̀rù sì ń ba òun. Ó ní kí n kọ méjèèjì, kí n má yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Nígbà tí a dá ilé ìwé yìí sílẹ̀, o ti wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ ní Abẹ́òkúta. Ohun tí o mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé àwọn ọmọ kú níbẹ̀, tí a sì tì í pa. Bí o bá bi wọ́n léèrè ní Ìkàrẹ́, wọn yóò ní àìsàn ló dé. Bí o bá bi wọ́n ní Ọ̀kà, wọn yóò ní omi ibẹ̀ ni kò dára. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn nìkan, kì í sì í ṣe omi nìkan, ló pa àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Àdéhùn kan wà níbẹ̀. Mo wà ní ìjókòó nígbà tí wọ́n ṣe é, mo sì rò pé ó dára. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tò ó fún ọ bó ṣe rí gan-an, kí o lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ọ́ sí.

Lẹ́yìn tí ogun Tápà parí, àwa tí wọ́n ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan padà ní ìmàle, àwa kan padà ní onígbàgbọ́. Nígbà tí mo kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Sàró tí mo sì dé ilé, mo bá ìjọ kékeré kan ní Ọ̀kà tí wọ́n ti bí mi, mo sì bá òmíràn ní Ìkàrẹ́. Èdè Ọ̀kà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu mi tán. Mo fi Ìkàrẹ́ ṣe ibùgbé nítorí ọjà rẹ̀ àti nítorí ìyá rẹ. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí ìjọ méjèèjì lè rán sí ara wọn. Lójú Ọ̀kà, ọmọ wọn tó sá lọ ni mí. Lójú Ìkàrẹ́, àlejò wọn ni mí. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé.

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti dé nígbà náà. Gbogbo ènìyàn sì ti rí i pé ẹni tó mọ̀wé ń jókòó sábẹ́ ibòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé ń fọ́ òkúta ọ̀nà nínú oòrùn. Ìjọ méjèèjì fẹ́ ilé ìwé. Àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ ìhìnrere kò ní olùkọ́ láti fún wa. Wọ́n ní bí a bá fẹ́ ilé ìwé, kí a dá a sílẹ̀ fúnra wa, kí a sì máa bọ́ olùkọ́ rẹ̀. Ìjọ kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe. Ó di dandan kí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà pa ọwọ́ pọ̀.

Ibi tí wọn yóò kọ́ ọ sí ló kọ́kọ́ di ìjà. Bàbá Ẹlíjà, ẹni tí ó jẹ́ àgbà ìjọ Ọ̀kà, dìde ní ìpàdé, ó ní, "Kí ọmọ Ọ̀kà máa sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ ìwé ní Ìkàrẹ́? Kí ẹ wá máa pè wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ yín?"

Bàbá Jákọ́bù, àgbà ìjọ Ìkàrẹ́, dá a lóhùn pé, "Kí àwọn ọmọ tiwa wá máa gun orí àpáta lójoojúmọ́ bí ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́? Nígbà tí Tápà dé, ta ló ń wá àyè lọ́dọ̀ ewúrẹ́ lórí àpáta? Ẹ̀yin kọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn ará Ìkàrẹ́ pàápàá. Mo sọ èyí fún ọ kí o má bàa rò pé àwọn ènìyàn burúkú ni wọ́n. Wọ́n mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn níwọ̀n. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí ọ̀kan ju èkejì lọ.

Nítorí náà wọ́n ní kí ilé ìwé wà láàárín. Wọ́n ní kí ọkùnrin kan jáde láti Ìkàrẹ́, kí ọkùnrin kan jáde láti Ọ̀kà, nígbà tí àkùkọ bá kọ; ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni kí a kọ́ ọ sí. Wọ́n pàdé ní ìsàlẹ̀ kan lẹ́yìn oko àwọn ará Akùngbá, níbi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn, tí ilẹ̀ sì rọ̀ bí àkùrọ̀. Gbogbo wa lọ wò ó. Òkè kékeré kan wà nítòsí ibẹ̀ tó gbẹ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Mo nawọ́ sí i. Bàbá Jákọ́bù sọ pé ìhà Ọ̀kà ni òkè náà wà. Òmíràn wà ní ìhà kejì, Bàbá Ẹlíjà ní ìyẹn ti bọ́ sí ìhà Ìkàrẹ́. A kọ́ ọ sínú ìsàlẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin Ìkàrẹ́ mọ ìdajì ògiri, àwọn ti Ọ̀kà mọ ìdajì. Olúkúlùkù ru amọ̀ láti ilẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà apá kan pupa, apá kejì dúdú díẹ̀, ibi tí méjèèjì ti pàdé kò sì lẹ̀ mọ́ra dáadáa títí ilé náà fi wó. Ààrò méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ṣálángá méjì ni wọ́n gbẹ́, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ṣálángá wà ní ìhà tòun nìkan. Ìhà méjèèjì ló dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí odò. Odò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń mu.

Dọ̀káàsì, èyí ni àkọ́kọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú. Kí o tó gbà láti dúró níbikíbi pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, lọ fúnra rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí o tọ odò náà láti orísun rẹ̀, kí o rí ohun tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Má ṣe béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá ìjọ bóyá omi náà dára. Wọn yóò sọ fún ọ ìhà tí ó wà.

Àdéhùn náà rèé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ níwájú tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́ tàbí ọmọ Ọ̀kà; ìwọ ni wọ́n yàn nísinsìnyí nítorí pé ìlú méjèèjì ni wọ́n kà ọ́ mọ́. Iye ọmọ láti ìlú méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ tú ilé ìwé ká láìjẹ́ pé ìjọ méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìlú tí ó bá sì kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò, ó ti kọ ilé ìwé sílẹ̀ fún ìlú kejì nìyẹn, pẹ̀lú ilé, ilẹ̀ àti olùkọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n fi ọkàn sí jù, nítorí olúkúlùkù ń bẹ̀rù pé èkejì yóò fi òun kọ́ ilé ìwé tán, yóò wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Mo dìde lọ́jọ́ náà, mo ní n kò tíì gbọ́ àdéhùn tó dọ́gba tó báyìí. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, ìwé tí mo kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì ń gùn mí, mo sì rò pé ohun tó bá ti dọ́gba ti dára.

Olùkọ́ tí a rí ni Tíṣà Fílípì, ọmọ Ìjẹ̀bú, tínrín, olóhùn orin. Ó mú iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọ̀nà jìn, àwọn òbí wọn ń gbé iṣu ránṣẹ́. Bí ó bá bi wọ́n ní ìbéèrè ní Yorùbá, àwọn ti Ọ̀kà yóò dá a lóhùn ní èdè ilé wọn, àwọn ti Ìkàrẹ́ yóò máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò tún béèrè. Nígbà tí ọmọ àkọ́kọ́ tó jáde níbẹ̀ di akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀, àwọn bàbá tí kò tíì wọ ilé ìjọ rí bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wá. Wọ́n ti Ògbàgì wá, wọ́n ti Ifira wá. Ilé ìwé náà kún.

Ṣùgbọ́n iye gbọ́dọ̀ dọ́gba. Wọ́n ní àwọn ọmọ Ifira jẹ́ ti Ọ̀kà. Nígbà tí àgbẹ̀ kan láti Ògbàgì mú ọmọ rẹ̀ méjì wá, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n ka ẹ̀gbọ́n mọ́ Ìkàrẹ́, wọ́n ka àbúrò mọ́ Ọ̀kà, kálukú wọn ń jẹun nídìí ààrò ọ̀tọ̀. Tíṣà sọ fún mi pé àbúrò náà wá bá òun láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ọmọ ibo ni mí lónìí?" A fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà kan Ọ̀kà fi ọmọ kan ju Ìkàrẹ́ lọ. Wọ́n fẹ́ lé ọmọ náà padà. Kí ó má bàa rí bẹ́ẹ̀, Bàbá Jákọ́bù lọ bá Sùlé, ìmàle tó ń ta obì ní Ìkàrẹ́, tí ó ti ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ Làmídì ní ìwé kí ó lè máa bá a kọ ọjà sílẹ̀. Wọ́n gba Làmídì wọlé. Iye dọ́gba. Bàbá Ẹlíjà fúnra rẹ̀ ló kí Sùlé káàbọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Odò náà gbẹ títí ó fi ku adágún kékeré. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ní inú rírun, lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣu ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Tíṣà Fílípì ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a níbi tó ti ń fọ aṣọ àwọn ọmọ. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi bẹ àwọn bàbá kí n tú wọn ká. Ilé ni kí wọ́n lọ. Omi ilé wọn sàn ju èyí lọ."

Mo lọ bá Bàbá Jákọ́bù ní Ìkàrẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Kí ni Ọ̀kà wí?"

Mo gun òkè lọ bá Bàbá Ẹlíjà. Òun náà ní, "Kí ni Ìkàrẹ́ wí?"

"Bàbá, wọ́n ní kí n bi yín."

"Hẹn. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé kí àwọn ọmọ wa máa bọ̀, kí wọ́n wá di onílé ìwé. Padà lọ, sọ fún wọn pé à ń gbàdúrà."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Bàbá Jákọ́bù ní, "Àwa náà ń gbàdúrà. A ti ń gbàdúrà ṣáájú wọn."

Ọmọ kan láti Ìkàrẹ́ kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan láti Ifira. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wà ní ilé ìwé nígbà tí Sùlé dé. Ó ti gbọ́ nínú ọjà. Kò jókòó.

"Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀. Làmídì dà?"

"Ó wà nínú ilé. Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Làmídì, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí àwọn bàbá fẹnu kò ná."

"Lórí kí ni?"

"Lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ."

Ó wò mí bí ẹni pé èdè mìíràn ni mo ń sọ. "Ọmọ mi ń ṣu ẹ̀jẹ̀, ẹ wá ní kí n dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ? N kò sí nínú ìjọ yín. N kò bá yín búra. Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Ó wọlé, ó gbé Làmídì lé èjìká. Nígbà tó ń jáde, ó wo àwọn ọmọ yòókù lórí ẹní wọn, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí náà ní bàbá, àbí wọn kò ní?" Làmídì yè. Ó ti di ọkùnrin, ó ń ta obì ní ọjà Ìkàrẹ́. Bí o bá dé, wàá rí i.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀kà pe ìpàdé, kì í ṣe nítorí àwọn tó kú, nítorí Làmídì. Bàbá Ẹlíjà sọ pé Ìkàrẹ́ ti kọ́kọ́ mú ọmọ kúrò, ilé ìwé ti di ti Ọ̀kà.

Bàbá Jákọ́bù ní, "Ìmàle ni. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa."

"Ìgbà tí ẹ ń wá ẹni tí yóò mú iye pé, ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Ó wá lọ tán, ó di ìmàle?"

"Ẹ̀yin náà ni ẹ kí bàbá rẹ̀ káàbọ̀."

"Mo kí i káàbọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìkàrẹ́!"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n ní kí a tún padà wá lọ́jọ́ kejì, a sì padà wá. Inú ilé ìwé gan-an ni ìpàdé náà, nítorí ibẹ̀ ló wà láàárín. A gbé àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn sí ìdí ògiri kí àwọn àgbà lè rí àyè jókòó. Ọmọ, mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ìwà ìkà. Èyí tí mo fi ojú mi rí kò jọ wọ́n. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó fẹ́ kí ọmọ kankan kú. Olúkúlùkù ń fi òótọ́ inú dúró de ẹnìkejì.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o dì mú ni ti àwọn ìyá. Kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ wa. Ábélì, ọmọ ọmọ Bàbá Ẹlíjà, wà lára àwọn tó dùbúlẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Bàbá Ẹlíjà àti èmi jọ ń gòkè lẹ́yìn ìpàdé ni a bá bá a lójú ọ̀nà.

"Ìyàwó, níbo lò ń gbé e lọ?"

"Ilé ni, Bàbá."

"Bí o bá gbé e dé Ọ̀kà lónìí, ohun tí gbogbo ìlú jà fún ti bọ́ nìyẹn. Ọmọ tèmi ni yóò kọ́kọ́ kúrò."

"Bàbá mi, ẹ kàn fọwọ́ kàn án."

Kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Lọ́la ni a ó parí ọ̀rọ̀ náà. Dá a padà, kí ó di ọ̀la." Obìnrin náà yíjú sí mi, èmi akọ̀wé, ẹni tó ti rin ìrìn àjò. N kò sọ nǹkan kan. Ó yí padà pẹ̀lú ọmọ náà. Ábélì kú kí ìpàdé ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Wọn kò gbé e lọ sí ilé láti sin. Ẹnìkan béèrè bóyá gbígbé òkú lọ kì í ṣe mímú ọmọ kúrò, kò sì sí ẹni tó dá lójú. Nítorí náà a sin àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, àwọn ti Ìkàrẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pupa, àwọn ti Ọ̀kà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri dúdú. Bàbá Ẹlíjà ló gbàdúrà. Ohùn rẹ̀ kò mì.

Nígbà tí o bá dé, pe àwọn ìyá sí ìgbìmọ̀ kí o tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn. Má ṣe gbà kí wọ́n sọ fún ọ pé àwọn ọkọ wọn yóò gbẹnu sọ fún wọn. Ìyá Ábélì mọ ohun tó yẹ kí a ṣe, ó sì ti ń ṣe é lọ́wọ́, kí a tó dá a padà.

Tíṣà Fílípì ló tú ilé ìwé ká nígbẹ̀yìn. Ara òun náà kò dá mọ́. Ó kó gbogbo àwọn tó lè dìde jọ síta, ó kọ orin ìdágbére tí wọ́n máa ń kọ ní ọjọ́ Ẹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí àwọn ti Ìkàrẹ́ gba ọ̀nà tiwọn, kí àwọn ti Ọ̀kà gba tiwọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ àwọn àgbẹ̀ Akùngbá kí wọ́n gbé àwọn tí kò lè rìn. Ìgbìmọ̀ pè é lẹ́jọ́ pé ó rú àdéhùn. Ó kú kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé. Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe ìlú kankan ló kọ́kọ́ lọ, ilé ìwé kò di ti ẹnikẹ́ni. Òjò wó o. A sin Tíṣà sí ibi tí ògiri méjèèjì ti pàdé, nítorí kò sí ìhà tó jẹ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe gba ilé ìwé tí wọ́n fún ọ ní agbára láti ṣí ṣùgbọ́n tí wọn kò fún ọ ní agbára láti tì. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ó máa bá ọ ronú pọ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì sọ pé ní ti àìsàn, ìwọ nìkan ni yóò ronú. Máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Gbàdúrà bí o ti ń sè é. Má ṣe gbàdúrà dípò kí o sè é.

Ọ̀rọ̀ nípa Ìyábọ̀. Wọn yóò ní kí o mú un wá kí ó wà láàárín àwọn ọmọ yòókù, kí àwọn òbí lè rí i pé ọkàn rẹ balẹ̀. Má ṣe gbà. Ọmọ rẹ kì í ṣe ohun tí a fi ń dá ìlú lójú. Bí ibẹ̀ bá dára, wọn yóò rí i lára omi rẹ̀. Fi í sọ́dọ̀ wa fún ọdún àkọ́kọ́. Ìyá rẹ ti ń tún yàrá ṣe láìtíì bi ọ́.

Má sì kórìíra Bàbá Ẹlíjà. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ bí o bá rí i. Ó ti darúgbó. Láti ọjọ́ Ábélì, ẹ̀yìn ilé ìjọ ló ń jókòó sí, kì í sì í wá síbi tábìlì mọ́. Ìyá Ábélì kì í bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń se oúnjẹ rẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ilé kan náà.

Mo ti bá ọ ṣe ohun kan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Dárí jì mí. Kí wọ́n tó parí ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní ọmọ mi kò ní wá láìsí ohun mẹ́ta. Kí a gbé ilé ìwé kúrò ní ìsàlẹ̀ lọ sí orí òkè gbígbẹ, ìhà yòówù kí ó wà. Kí ọ̀gá ilé ìwé lè tì í lọ́jọ́ tó bá rí i pé ó yẹ. Kí òbí kọ̀ọ̀kan lè mú ọmọ rẹ̀ lọ nígbàkígbà, kí ìlú rẹ̀ má sì pàdánù nǹkan kan nítorí rẹ̀. Wọ́n gba méjì àkọ́kọ́ láìjiyàn. Ó yà mí lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ló kù. Ìjọ méjèèjì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iwájú tábìlì Olúwa ni wọ́n ti búra èyí àtijọ́, iwájú tábìlì ni kí wọ́n ti tú u, ìjọ kan yóò sì wá sọ ọ́ nínú ilé ìjọ kejì. Mo béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ Bàbá Jákọ́bù. Ó ní, "A ti fara mọ́ ọn pátápátá. Kí Ọ̀kà kọ́kọ́ wá sọ ọ́ níhìn-ín." Mo gun òkè lọ. Àwọn Ọ̀kà ní, "A ti fara mọ́ ọn. Kí Ìkàrẹ́ kọ́kọ́ gòkè wá." Mo jókòó sórí àpáta kan bí mo ṣe ń bọ̀, mo sinmi, n kò sì fẹ́ dìde.

Títí wọn yóò fi sọ ọ́, má ṣe kúrò ní Abẹ́òkúta. Má ṣe di ẹrù. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pé ó ti tán, dúró de ìwé tèmi. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé wọn kò sọ ọ́, kọ̀wé sí wọn, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì kọ̀ ọ́. Wọn yóò bínú sí mi. Mo ti gbọ́ ìbínú wọn rí.

Ó ku ohun kan tí n kò mọ̀ bóyá kí n kọ tàbí kí n má kọ. Láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tó gbé iṣu wá sí ọjà sọ fún ìyá rẹ pé Bàbá Ẹlíjà ti jáde kúrò ní Ọ̀kà, òun nìkan, láìsọ fún ìgbìmọ̀. Pé ìyá Ábélì ló di ẹrù fún un. Pé Ìkàrẹ́ ló ń bọ̀, láti wá dúró níwájú tábìlì kó sì sọ ọ́. Obìnrin náà ní wọ́n rí i ní Akùngbá, ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń mí gúlegúle. Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Ó ní rárá, wọ́n sọ fún òun ni. Mo ti rán ènìyàn lọ sí ọ̀nà Akùngbá láti wò ó. Kò tíì padà.

Bàbá rẹ.